Ìwé Kan Ṣoṣo Ni Wọ́n Ń Wá: Ìdáhùn sí Akéwì Tí Ó Fẹ́ Díje fún Ẹ̀bùn Sillerman

Òǹkàwé kan béèrè pé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìwó. Ewì 64 ni mo ní nílẹ̀. 45 nínú wọn jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, 19 yòókù sì jẹ́ ti Yorùbá. Mo fẹ́ fi wọ́n díje fún ẹ̀bùn ìwé ewì Sillerman, èyí tí ilé-ìtẹ̀wé Yunifásítì Nebraska ní Amẹ́ríkà ń tẹ ìwé ẹni tí ó bá gbà á jáde lọ́dọọdún. Ẹnì kan ní kí n san 35,000 náírà kí òun lè bá mi forúkọ sílẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ní 2021, mo fi owó ara mi tẹ ìwé pélébé olójú-ewé 24 kan, mo sì tà á fún àwọn ènìyàn. Ṣé kò ní ṣèdíwọ́ fún mi? Kí ni kí n ṣe sí àwọn ewì Yorùbá mi? Kí sì ni àwọn adájọ́ náà ń wò gan-an?"

Ẹ má san kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí owó náà ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀bùn Sillerman kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ akéwì. Akéwì fúnra rẹ̀ ni í fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì nílò alágbàtà kankan láàárín. Bí ẹni tí ẹ ń sọ yìí bá fẹ́ gba owó nítorí pé òun ní kọ̀ǹpútà àti dátà tí ẹ̀yin kò ní, kí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ná an bí a ti ń ná owó ní ṣọ́ọ̀bù onítáípù. Ṣùgbọ́n bí ó bá pè é ní owó ìdíje, ohun tí kò sí ni ó ń tà fún yín.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti lè wá, bí a bá fẹ́ ro ẹni náà sí rere. Ọ̀pọ̀ ilé-ìtẹ̀wé yunifásítì ní Amẹ́ríkà tí ń ṣe irú ìdíje báyìí máa ń gba nǹkan bíi dọ́là 20 sí 30 lọ́wọ́ olùdíje kọ̀ọ̀kan. Owó yẹn ni wọ́n fi ń san ẹ̀bùn, tí wọ́n fi ń ṣe ọpẹ́ fún àwọn tí ń ka iṣẹ́, tí wọ́n sì fi ń tẹ ìwé, nítorí pé ìwé ewì kì í tà bí ìwé ìdánwò níbikíbi láyé. N kò bá wọn jà lórí èyí. Ṣùgbọ́n dọ́là 25 tí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ohio lè rí san láì ronú púpọ̀ lè jẹ́ owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì fún olùkọ́ ní Ìwó, ẹ̀yin gan-an sì mọ èyí jù mí lọ. Nípa ìtọrẹ Laura àti Robert F. X. Sillerman, tí ẹ̀bùn náà ń jẹ́ orúkọ wọn, ni ẹrù yẹn fi kúrò lórí akéwì ilẹ̀ Áfíríkà. Nítorí náà, ó máa ń dùn mí gidigidi nígbà tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan tún ti gbé ẹrù náà padà lé e lórí lọ́nà ẹ̀bùrú.

Kí n sọ díẹ̀ nípa ẹ̀bùn náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ó yẹ kí akéwì mọ ilé tí ó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kwame Dawes, akéwì tí a bí ní Ghana ní 1962 tí ó sì dàgbà ní Jamaica, ni ó ṣáájú ìdásílẹ̀ African Poetry Book Fund, àjọ tí ó ń ṣètò ẹ̀bùn yìí, ní 2012, nígbà tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Nebraska ní ìlú Lincoln. Lára àwọn tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ olóòtú pẹ̀lú rẹ̀ ni Chris Abani, ọmọ Nàìjíríà, àti Bernardine Evaristo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ni a bí òun sí. Ohun tí wọ́n rí ni pé akéwì pọ̀ ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n ilé-ìtẹ̀wé tí yóò gba ìwé ewì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀, tí yóò tún un ṣe dáadáa, tí yóò sì mú un dé ọwọ́ àwọn òǹkàwé ní òkèèrè, kò pọ̀ rárá. Ilé-ìtẹ̀wé Yunifásítì Nebraska, tí ó ti wà láti 1941, gbà láti máa tẹ ọ̀wọ́ ìwé ewì àjọ náà jáde. Clifton Gachagua láti Kenya ni ó kọ́kọ́ gbégbá orókè, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 2014. Ní ọdún yẹn kan náà ni àkójọpọ̀ ewì Kofi Awoonor, àgbà akéwì Ghana, jáde nínú ọ̀wọ́ kan náà, lẹ́yìn tí àwọn apániláyà ti pa á ní Nairobi ní oṣù Kẹsàn-án 2013, níbi tí ó ti lọ fún àjọ̀dún ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́ ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀: àgbà akéwì tí ó ti lọ àti ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lórí pẹpẹ kan náà. N kò lè fi ọwọ́ kan àwọn ìwé méjèèjì láì ronú sí i.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti gba ẹ̀bùn yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. 'Gbenga Adeoba gbà á ní 2019, Tares Oburumu gbà á ní 2022, Abu Bakr Sadiq sì gbà á ní 2023. Ẹni tí a bí ní Áfíríkà, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan níbẹ̀ tàbí tí ó ń gbé ibẹ̀, àti ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà, gbogbo wọn ni ó lè díje, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì tẹ odidi ìwé ewì jáde rí. Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìwó, kò sí ìyọnu níbẹ̀ yẹn. Ìyọnu wà nínú gbólóhùn tí ó kẹ́yìn, èyí sì ni ó mú wa dé ọ̀rọ̀ ìwé pélébé yín.

Ìwé àkọ́kọ́ ni ẹ̀bùn yìí wà fún. Òfin ìdíje náà sì ti ń sọ ọ́ kedere pé ìwé tí akéwì fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ wà lára ohun tí a ń kà sí ìwé, bí ó bá ti tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ilé-ìtàwé, tàbí níbi tí ó ti ń ka ewì rẹ̀ fún àwùjọ. Ọ̀pọ̀ akéwì wa ni kò mọ èyí. Wọ́n á kó ewì 80 jọ, wọ́n á gbé e fún atẹ̀wé ní Mókọ́lá tàbí Ṣómólú, wọ́n á ṣe ìfilọ́lẹ̀ pẹ̀lú alága àti bàbá ìsàlẹ̀ ọjọ́, wọ́n á tà á tán láàárín wákàtí mẹ́ta, wọn kò sì ní mọ̀ pé ní ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti tì ilẹ̀kùn gbogbo ìdíje ìwé àkọ́kọ́ mọ́ ara wọn. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi owó ara rẹ̀ tẹ̀wé. Ohun iyì ni láti rí iṣẹ́ ẹni lọ́wọ́ àwọn ará ilé ẹni. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ènìyàn mọ ohun tí ó ń fi sílẹ̀ kí ó tó fi í sílẹ̀.

Ti yín yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ojú-ewé 24 kì í ṣe odidi ìwé. Ojú-ewé 50 ó kéré tán ni ìdíje náà ń béèrè fún, àwọn tí ń tẹ ewì sì mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwé pélébé àti àkójọpọ̀ kíkún. Àjọ kan náà ni ó ń ṣe àkójọ àwọn ìwé pélébé ti àwọn ọ̀dọ́ akéwì Áfíríkà sínú àpótí kan lọ́dọọdún, kí àwọn akéwì náà lè ní ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìwé ńlá. Lójú tèmi, kò yẹ kí ti yín dí yín lọ́wọ́. Síbẹ̀, nítorí pé ẹ tà á, tí òfin sì mẹ́nu kan títà, ẹ kọ lẹ́tà ṣókí sí àwọn tí ń bójú tó ìdíje náà kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Ẹ sọ iye ojú-ewé, ọdún tí ẹ tẹ̀ ẹ́, iye ẹ̀dà tí ẹ tà, àti iye ewì inú rẹ̀ tí ẹ fẹ́ lò nínú iṣẹ́ tuntun yìí. Ẹ tọ́jú èsì wọn. Ẹ má fi í pa mọ́ pé bóyá wọn kò ní mọ̀. A ti rí ibi tí a ti gba ẹ̀bùn padà lọ́wọ́ akéwì nítorí ohun tí ó kéré jù èyí, àbààwọ́n rẹ̀ kì í sì í tètè ṣí.

Ẹ tún béèrè ohun tí àwọn adájọ́ ń wò. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ adájọ́, nítorí àwọn akéwì máa ń rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá kan ni ó jókòó ti àpótí iṣẹ́ 500, tí ó ń kà wọ́n láti orí dé ìdí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìdíje. Àwọn òǹkàwé àkọ́kọ́ wà, tí wọ́n máa ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àwọn díẹ̀ yẹn ni ó ń dé iwájú adájọ́ tàbí ìgbìmọ̀. Ní ti Sillerman, ìgbìmọ̀ olóòtú ni ó ń ṣe ìdájọ́, kì í ṣe àlejò kan tí ó ń yí padà lọ́dọọdún, èyí sì túmọ̀ sí pé ènìyàn lè ka àwọn ìwé tí wọ́n ti yàn sẹ́yìn kí ó sì mọ irú etí tí wọ́n ní.

Ẹ̀bùn tí ó pẹ́ jù lọ nínú irú èyí ní Amẹ́ríkà ni ti ilé-ìtẹ̀wé Yunifásítì Yale, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1919, tí ó sì wà fún akéwì tí kò tíì ní ìwé. Ní 1955, W. H. Auden, akéwì tí ó lókìkí, ni adájọ́ rẹ̀. Ó ka gbogbo èyí tí wọ́n kó wá fún un, ó ní kò sí èyí tí ó yẹ. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, John Ashbery àti Frank O'Hara, ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dé ọ̀dọ̀ òun. Ó ránṣẹ́ béèrè fún un lọ́wọ́ wọn, ó yan ti Ashbery, ìwé náà sì jáde ní 1956. Ashbery di ọ̀kan nínú àwọn akéwì tí Amẹ́ríkà bọ̀wọ̀ fún jù lọ ní ọ̀rúndún yẹn. Mo sọ ìtàn yìí kí ẹ lè mọ̀ pé bí wọ́n bá dá iṣẹ́ yín padà, ẹnì kan ni ó kà á ní ọjọ́ kan, ó sì lè ṣì í kà. Kò sí Auden tí yóò ránṣẹ́ pe púpọ̀ nínú wa. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni láti mú kí iṣẹ́ náà ṣòro fún òǹkàwé àkọ́kọ́ láti gbé sílẹ̀.

Èmi náà ti jẹ́ òǹkàwé àkọ́kọ́ rí, fún ìdíje kan tí n kò ní dárúkọ. Iṣẹ́ 41 ni wọ́n kó fún mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo sì ní. Ọ̀kan wà nínú wọn tí n kò tíì gbàgbé. Ewì kan wà nínú rẹ̀ nípa ìyá kan tí ó ń fọ aṣọ òkú ọmọ rẹ̀ ní odò, tí ó ń fọ̀ ọ́ láì dákẹ́ títí aṣọ náà fi gbó sí i lọ́wọ́. Mo ka ewì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ewì tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti ìdìbò, èyí tí ó tẹ̀lé ìyẹn jẹ́ ti ìfẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni ewì ọjọ́ òmìnira, lẹ́yìn rẹ̀ ni ewì fún ọ̀gá kan tí ó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó tó àkókò láti sọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ó tẹ̀ síwájú, wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Kí ni ìwé yìí ń wá?" N kò rí èsì. Mo fi ewì kan jà fún odidi ìwé, n kò sì borí. Ó ṣì ń dùn mí.

Nínú lẹ́tà yín, ẹ kọ ọ́ pé ewì 64 ni ẹ ní nílẹ̀. Bí àgbẹ̀ ti ń ka ebè ni ẹ ṣe kà wọ́n, mo sì mọ ayọ̀ tí ó wà nínú kíkà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ìwé ni èyí, kì í ṣe ẹ̀bùn ewì. Ìdíje mìíràn wà tí ó ń béèrè ewì mẹ́wàá péré, irú èyí tí Evaristo dá sílẹ̀ ní 2012 nígbà tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Brunel, tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí lábẹ́ àjọ kan náà. Níbẹ̀, ewì tí ó dára lọ́kọ̀ọ̀kan lè gbé ènìyàn dé òkè. Ní ti Sillerman, ohun tí wọ́n máa gbé lọ sí orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n ń wò. Wọ́n fẹ́ rí i pé ewì kejì mọ̀ pé ewì kìíní ti ṣáájú òun.

Ẹ wo ìwé Adeoba, tí ó jáde ní 2020. Orí ìrìn-àjò ni ó dúró: àwọn tí a kó lẹ́rú lórí omi láyé àtijọ́, àwọn tí ogun àti àjálù lé kúrò nílé, àwọn tí ń wá oúnjẹ lọ lónìí. Omi ń padà wá léraléra nínú rẹ̀, nígbà kan bí ọ̀nà, nígbà kan bí ibojì. Ẹ tún wo ti Safia Elhillo, ọmọ Sudan tí ó dàgbà sí Amẹ́ríkà, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 2017. Àkọlé rẹ̀ ń tọ́ka sí àwọn ọmọ tí a bí ní Sudan lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi gígùn ara wọn díwọ̀n ọdún tí a bí wọn, tí wọ́n sì kọ ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní fún gbogbo wọn bí ọjọ́ ìbí. Ní inú ìwé náà, ó ń bá Abdelhalim Hafez, olórin Íjíbítì, sọ̀rọ̀ láti ojú-ewé dé ojú-ewé. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé náà níbikíbi á mọ ilé tí òun wà. Àwọn ìwé méjèèjì kò jọra rárá nínú ohùn, àmọ́ ìbéèrè kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé lọ́wọ́ tí kò sì sọ kalẹ̀.

Kò pọn dandan kí a wá àpẹẹrẹ lọ sí òkèèrè. Ní agbègbè yín gan-an, ẹkún ìyàwó kì í ṣe ewì tí a kàn dà jọ. Ọmọbìnrin náà yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá, yóò tọrọ àdúrà wọn, yóò sọ ìbẹ̀rù ilé tí kò mọ̀, yóò dágbére fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa sún mọ́ ilé ọkọ bí ohùn rẹ̀ ti ń yí padà. Bí a bá gbé ìdágbére ṣáájú ọpẹ́, gbogbo ará agbo ilé ni yóò mọ̀ pé nǹkan ti ṣì. Oníjàlá náà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbà. Ó lè yà bá ẹfọ̀n, kí ó yà bá orírun ẹnì kan nínú àwùjọ, kí ó sì tún padà sọ́dọ̀ Ògún, síbẹ̀ àwọn tí ń gbọ́ ọ mọ̀ pé kò sọnù. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni mo ní kí ẹ wá nínú ewì yín. Ẹ má gbé ètò kan láti ìta wá fi wọ̀ wọ́n. Ẹ tẹ́tí sí èyí tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti tò ara wọn sí.

Ẹ tẹ gbogbo wọn sórí pépà, kí ẹ tẹ́ wọn sí ilẹ̀ yàrá. Ẹ yọ gbogbo ewì tí ẹnì kan bẹ̀ yín kọ: ti ìgbéyàwó, ti ìsìnkú, ti àyájọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ yọ èyí tí ẹ kọ nítorí pé ìròyìn kan gbòde ní ọ̀sẹ̀ yẹn, tí ìbínú inú rẹ̀ ti kú pẹ̀lú ìròyìn náà. Nínú èyí tí ó kù, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ó ń padà wá láì jẹ́ pé ẹ pè é. Ó lè jẹ́ ilé kan, òkú kan, òógùn, ọkọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ni ìwé yín wà. Kò ní yà mí lẹ́nu bí 64 bá di 38. Bí 38 yẹn bá kún ojú-ewé 55, ó ti tó. Ẹ fi agbára yín sí ojú-ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni òǹkàwé àkọ́kọ́ ti ń pinnu bí yóò ṣe ka ìyókù, bí ó tilẹ̀ fẹ́ ṣe òdodo sí gbogbo rẹ̀.

Ní ti àwọn ewì Yorùbá 19 náà, ìròyìn kan wà tí ó yẹ kí ó mú inú yín dùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìdíje náà fi ń gba iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gba iṣẹ́ tí a túmọ̀ láti èdè mìíràn sí Gẹ̀ẹ́sì, a sì máa ń yọ apá kan nínú owó ẹ̀bùn fún atúmọ̀ èdè náà. Bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ fúnra yín, ẹ̀yin ni akéwì, ẹ̀yin náà ni atúmọ̀. Àwọn ọmọ wa kì í sábà lo àǹfààní yìí. Wọ́n á kọ Yorùbá wọn sí apá kan bí aṣọ ilé, wọ́n á wọ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ìdíje, nígbà tí ó jẹ́ pé inú Yorùbá náà ni ohùn wọn ti dúró ṣinṣin jù.

Ṣùgbọ́n títúmọ̀ ewì ẹni kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan. Ẹ jẹ́ kí n fi ìlà kan ṣe àpẹẹrẹ: "Ọ̀nà ni mo ń wò, ọnà ni mo rí." Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àmì ohùn kan ṣoṣo yí padà, ẹni tí ń retí àlejò lójú títì wá rí iṣẹ́ ọwọ́ agbẹ́gilére dípò rẹ̀. Bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ tán, eré inú rẹ̀ yóò sì kú. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti rí tí àwọn atúmọ̀ tí ó gbóná ń gbà. Wọ́n lè wá ọ̀rọ̀ méjì ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi ara jọ ara wọn ní etí, kódà bí ìtumọ̀ bá sún díẹ̀. Wọ́n lè jẹ́ kí ìlà náà lọ láì ní eré, kí wọ́n san án padà ní ìlà mìíràn níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti fún wọn láyè. Wọ́n sì lè fi Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ìlà tí ó tẹ̀lé e gbé òǹkàwé dé ibi tí ó yẹ láì ṣàlàyé. Ohun tí ó máa ń ba ewì jẹ́ ni àlàyé ẹsẹ̀ ìwé lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, tí akéwì á di olùkọ́ lójú ewì ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ lóòótọ́, ẹ ṣọ́ra fún èyí ju ẹlòmíràn lọ.

Gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ pé. Ẹ lo irú ìrísí lẹ́tà (fọ́ǹtì) kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ yí iṣẹ́ náà sí PDF, kí ẹ sì ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn kí ẹ tó fi ránṣẹ́, nítorí pé mo ti rí iṣẹ́ rere kan tí gbogbo ẹ àti ọ tí ó ní àmì nísàlẹ̀ di àpótí òfìfo ní ojú adájọ́. Bí wọ́n bá sì gba iṣẹ́ yín, ẹ dúró lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi ìwé tí a tò ránṣẹ́ fún àtúnkà. Olóòtú tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà àti ọnà àfi tí ẹ bá sọ fún un.

Mo tún ní èrò kan tí ó lè má dùn mọ́ yín. Bí ẹ bá tẹ́ àwọn ewì 64 náà sílẹ̀ tí ẹ sì rí i pé àwọn 19 náà kò fẹ́ bá ìyókù gbé, ẹ má fi ipá dà wọ́n pọ̀ nítorí ẹ̀bùn. Ìwé méjì ni ẹ ní nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí ti Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Nebraska, kí ti Yorùbá dúró de ilé-ìtẹ̀wé nílé tí yóò tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá fún àwọn tí yóò kà á sókè. Ó wù mí ju kí a bu iyọ̀ Yorùbá díẹ̀ sínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè dà bí ohun tí ó ti Áfíríkà wá.

Nípa èrè, dọ́là 1,000 ni owó ẹ̀bùn náà. Ó kéré púpọ̀ sí dọ́là 100,000 tí ẹ̀bùn lítírésọ̀ Nàìjíríà ti ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG ń fúnni, ṣùgbọ́n ìyẹn wà fún ìwé tí a ti tẹ̀ jáde, ewì sì ń dúró de tirẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kí ó tó kàn án. Romeo Oriogun, akéwì tí ó gba ẹ̀bùn NLNG náà ní 2022, ti ní ìwé kan nínú ọ̀wọ́ Nebraska yìí láti 2020, láì jẹ́ pé ìwé náà ni ó gba ẹ̀bùn Sillerman. Èrè Sillerman tí ó tóbi jù ni ìwé fúnra rẹ̀: olóòtú tí yóò bá yín jókòó ti ìlà kọ̀ọ̀kan, ìwé tí àwọn ilé-ìkàwé yunifásítì yóò rà, àti orúkọ tí ẹlòmíràn lè wá kàn. Ẹ ka àdéhùn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ wo ẹni tí ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdá tí ó tọ́ sí yín lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà, àti bóyá ẹ lè ṣètò ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú fún Nàìjíríà, nítorí pé iye tí wọ́n ń ta ìwé náà ní dọ́là yóò ṣòro fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín láti san. Béèrè kì í ba àdéhùn jẹ́, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Àárín oṣù Kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni ìdíje náà ti máa ń ṣí sílẹ̀. Ẹ lọ sí ojú òpó àjọ náà fúnra yín, kí ẹ ka òfin ti ọdún tí ẹ fẹ́ díje, nítorí pé a máa ń tún òfin ṣe. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà nípa ìwé pélébé náà ní ọ̀sẹ̀ yìí, èsì lè ti dé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín tó wọlé fún sáà tuntun, ẹ ó sì ní àkókò ìsinmi tí ó kù láti tẹ́ àwọn ewì náà sílẹ̀. Bí ẹ bá ti yọ èyí tí ó yẹ kí ó kúrò, tí ẹ sì ti to ìyókù, ẹ fi ojú-ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. N ó kà á, n ó sì sọ òótọ́ fún yín. Ọ̀fẹ́ ni.